Àwọ̀ Ewé ní Etí Omi Satellite

Mo ń dúró de ìwé mi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Agboju nígbà tí obìnrin tó bá ọ̀dọ́mọkùnrin iwájú mi wá nàka sí máàpù tí ọmọ náà fẹ́ tẹ̀.

"Ta ló fi àwọ̀ ewé kun etí omi Satellite, pé kò séwu níbẹ̀?"

"Èmi ni, Àǹtí. Mo wo kòkòrò inú omi náà dáadáa lábẹ́ máíkíróskóòpù. Èyí tí kì í ṣèèyàn ní nǹkan ni."

"Èyí tó ń sọ ìṣáwùrù di májèlé ńkọ́? Ṣé ìrísí wọn yàtọ̀ ni?"

"Kò yàtọ̀."

"DNA nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èsì ẹ̀ dà?"

"Kò tíì dé. Látìgbà tí iléeṣẹ́ wa ti ní káwọn tó ń ṣa ìṣáwùrù tà dáwọ́ dúró ni wọ́n ti jókòó sílé, màmá mi wà nínú wọn. Ọ̀la la máa bá wọn ṣèpàdé. Kí ni kí n wí?"

"Wí pé a ò tíì mọ̀. Ibi tá ò bá tíì mọ̀, funfun ni kó wà."

Ohùn ẹ̀ ò ròkè. Mi ò tíì gbàgbé gbólóhùn yẹn, àti èsì tó gbà.

"Àǹtí, funfun ò ṣeé sè."

"Tó bá dá ẹ lójú, tẹ̀ ẹ́. Mú un lọ fún màmá ẹ, kó o sì bá wọn jẹ ìṣáwùrù náà kó o tó kúrò níbẹ̀."

Oníṣọ́ọ̀bù béèrè pé ẹ̀dà mélòó ni. Ọmọkùnrin náà ní kó dúró ná, kóun kọ́kọ́ pa àwọ̀ ewé yẹn rẹ́.