Orúkọ An-ja Lára Òkúta

[Ok-bun ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Gap-seok, ní Jeonju ní Kòríà. Àgọ́ fóònù kan ní Karatsu, ní Japan, ló ti ń pè é. Fóònù ń dún.]

GAP-SEOK: Ẹ̀lóò? Ṣọ́ọ̀bù òǹtẹ̀ nìyí.

OK-BUN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Èmi Ok-bun ni. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn —

GAP-SEOK: Ok-bun! Ṣé An-ja àbúrò wa ti bímọ?

OK-BUN: Rárá o. Ó wà ní ọsibítù, ó ń rọbí láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà pupa, ṣé ó máa ń tètè gbẹ lára òkúta?

GAP-SEOK: Ọ̀dà kẹ̀? Àbúrò ẹ ń rọbí, ọ̀dà lò ń béèrè?

OK-BUN: Ẹ má bínú. Mo lọ síbi ibojì ọkọ ẹ̀. Mo ní kí n bu ọtí díẹ̀ fún un, kó ran ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́. Mo wá rí àmì tí ẹ kọ́ mi nígbà yẹn lára òkúta ibojì náà. Òrùlé lókè, obìnrin jókòó lábẹ́ ẹ̀.

GAP-SEOK: An. Àlàáfíà, ìdajì orúkọ An-ja. Àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ló yà á bẹ́ẹ̀. An làwọn náà ń pè é, Vietnam náà ní An. Àwọn ará Japan nìkan ló —

OK-BUN: Yasu. Yasuko ni wọ́n ń pe An-ja níbí. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, káàdì fóònù mi ń tán lọ! Pupa ni, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ An-ja, ní pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òkú!

GAP-SEOK: Pupa? Orúkọ alààyè?

OK-BUN: Ẹ rí i! Ṣebí lọ́dọ̀ wa wọ́n ní ẹni tó bá fi pupa kọ orúkọ alààyè, ikú ló ń ránṣẹ́ sí? Mo ní, àwọn èèyàn ọkọ ẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ gba ọmọ inú ẹ̀, kí wọ́n sin òun ti ọmọkùnrin wọn tó kú. Mo wá —

[Ariwo lórí ìlà.]

GAP-SEOK: Ok-bun! Ṣé o gbọ́ mi? O wá ṣe kí ni?

OK-BUN: Mo ha á.

GAP-SEOK: Háà!

OK-BUN: Ọ̀bẹ èso ni mo fi ha á. Gbogbo ọ̀dà yẹn. Ibi tí wọ́n gbẹ́ nìkan ló kù.

GAP-SEOK: Òkúta ibojì ìdílé ẹlòmíì! Ṣé orí ẹ pé báyìí?

OK-BUN: Ìyá ọkọ An-ja bá mi níbẹ̀. Kò pariwo, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. N ò gbédè ẹ̀, kò gbédè mi. Ó mú igi, ó kọ àmì sílẹ̀. Ọ̀kan dà bí ewéko tó ń yọ nílẹ̀ —

GAP-SEOK: Saeng. Ìyè nìyẹn.

OK-BUN: Òun ní "sei". Ó nàka sí ọ̀dà tó wà lẹ́nu ọ̀bẹ mi. Ó wá kọ èkejì, èyí tó máa ń wà nínú ìkéde òkú —

GAP-SEOK: Sa. Ikú nìyẹn.

OK-BUN: Òun ní "shi". Ó nàka síbi tí mo ha. Ṣé ó ń fi ikú halẹ̀ mọ́ mi ni?

[Gap-seok ń fi ìka ya àmì méjèèjì sórí tábìlì.]

OK-BUN: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

GAP-SEOK: Kò halẹ̀ mọ́ ẹ. Ó ń ṣàlàyé fún ẹ ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, tí ọkọ bá kú, wọ́n ń gbẹ́ orúkọ ìyàwó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, alààyè ló ni pupa. Ọjọ́ tí ìyàwó bá kú ni wọ́n ń ha ọ̀dà yẹn kúrò.

OK-BUN: Yéè! Èmi ni mo —

GAP-SEOK: Má sunkún. Wá ọ̀dà, kí o kùn ún padà.

OK-BUN: Èmi? Kí n fọwọ́ ara mi fi pupa kọ orúkọ àbúrò mi? Ẹ̀yin, ṣé ẹ lè ṣe é?

GAP-SEOK: Ẹ̀rù á ba èmi náà.

[Ẹnì kan ń kan gíláàsì àgọ́ fóònù.]

OK-BUN: Ìyá náà ti dé. Ó gbé agolo ọ̀dà dání. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń nà sí mi yìí.

GAP-SEOK: Kí ló dé tí kò kùn ún fúnra ẹ̀?

OK-BUN: Ó ń nàka sí ọ̀bẹ mi, ẹni tó ha á ló fẹ́ kó kùn ún. Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kùn ún tán, tí An-ja ò wá sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, kí ni n ó —

[Ariwo.]

GAP-SEOK: Gba búrọ́ọ̀ṣì yẹn! Ok-bun! Ṣé o gbọ́ mi?

OK-BUN: Mo ti gbà á.

[Ìlà já.]