Ìlà Pupa Tí Mo Fi Bébà Bò

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀: KÁFÍŃTÀ, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó wà nílé rẹ̀, àti ÀKỌ́BÍ rẹ̀ obìnrin, tó ń ya àwòrán ilé ní ìlú mìíràn. Ọ̀sán ni.

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ÀKỌ́BÍ: Bàbá, ẹ káàsán o.

KÁFÍŃTÀ: Káàsán. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ÀKỌ́BÍ: Dáadáa ni gbogbo wa wà. Ẹ̀yin—

KÁFÍŃTÀ: Iṣẹ́ ńkọ́?

ÀKỌ́BÍ: Iṣẹ́ ń lọ. Bàbá, mo wà ní meeting. Ṣé kò sí o?

KÁFÍŃTÀ: Kò sí. Ìbéèrè kékeré kan ni. Máa bá meeting rẹ lọ.

ÀKỌ́BÍ: Mo ti jáde síta. Ẹ béèrè.

KÁFÍŃTÀ: Kí ni wọ́n ń pè ní "offline"?

ÀKỌ́BÍ: Níbo lẹ ti rí i?

KÁFÍŃTÀ: Mo kàn ń béèrè ni.

ÀKỌ́BÍ: Bàbá.

KÁFÍŃTÀ: Onímáṣíìnì tó fẹ́ bá mi gé pákó ló pè mí. Mo ti fi link àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì tí mo yà sínú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí i bí o ṣe kọ́ mi. Ó ní òun ṣí i, kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo kan lòun rí, ó dúró gbọnrangandan, kò ní ṣẹ́ẹ̀fù kankan nínú. Ó ní ṣé pósí ni mo fẹ́ kí òun gé ni.

ÀKỌ́BÍ: Há! Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

KÁFÍŃTÀ: Kò mọ̀ pé ìyá rẹ ti lọ. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀKỌ́BÍ: Mo gbọ́ yín. Lójú ẹ̀rọ tiyín ńkọ́? Kí lẹ̀yin rí?

KÁFÍŃTÀ: Ṣẹ́ẹ̀fù márùn-ún. Wọ́n pé. Mo fi gbogbo àárọ̀ tò wọ́n.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ̀yin rí wọn, òun ò rí wọn.

KÁFÍŃTÀ: Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó lọ nu gíláàsì ojú rẹ̀.

ÀKỌ́BÍ: Kì í ṣe gíláàsì, Bàbá. Iṣẹ́ yín ò tíì gòkè. Inú láptọ́ọ̀pù yín nìkan ló wà. Ṣé ẹ tan dátà fóònù yín? Ibẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù ti ń fa network.

KÁFÍŃTÀ: Mo tàn án.

ÀKỌ́BÍ: Nígbà wo?

KÁFÍŃTÀ: Láàárọ̀.

ÀKỌ́BÍ: Ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

KÁFÍŃTÀ: Rárá o. Ojú ewé yẹn ṣí, mo rí i pé ó ti wọlé, mo bá pa dátà.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ pa á?

KÁFÍŃTÀ: Ta ló ń fi omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣàn nígbà tí garawa ti kún?

ÀKỌ́BÍ: Kì í ṣe garawa, Bàbá!

KÁFÍŃTÀ: Mo ti ń rí i báyìí pé kì í ṣe garawa.

ÀKỌ́BÍ: Bí ẹ bá ṣe ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e lọ síbi ìpamọ́. Bí ẹ bá ti pa dátà, ó— [ariwo nínú fóònù]

KÁFÍŃTÀ: Ó kí ni? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀKỌ́BÍ: —ó máa dúró ni! Kò níbi tó máa gbé e lọ. Wọ́n ní òkè, ní cloud, ni ìpamọ́ wà, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ fi àkàsọ̀ síbẹ̀.

KÁFÍŃTÀ: Ọjọ́ tí o sọ pé òkè ni, mo gbójú sókè. Àjà nìkan ni mo rí. Èmi náà ni mo kàn án, ó ti ń wọ́.

ÀKỌ́BÍ: Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò wá kìlọ̀ fún yín ni? Ó máa ń kìlọ̀. Ìlà pupa kan máa ń yọ lókè pátápátá.

[KÁFÍŃTÀ wúkọ́.]

ÀKỌ́BÍ: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

KÁFÍŃTÀ: Mo gbọ́ ọ.

ÀKỌ́BÍ: Ìlà pupa. Ṣé ẹ rí i?

KÁFÍŃTÀ: Mo rí i. Ó ń ṣẹ́jú sí mi. Kò jẹ́ kí n ráyè ronú.

ÀKỌ́BÍ: Kí lẹ wá ṣe?

KÁFÍŃTÀ: Pẹ́ńtà wà nílé, ó ń bá mi kun kíṣìnì. Ó ní bébà àlẹ̀mọ́ kan tó fi ń bo etí fèrèsé. Mo gé díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi bo ìlà náà.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ fi— [ẹ̀rín] Bàbá! Ẹ lẹ bébà mọ́ ojú láptọ́ọ̀pù!

KÁFÍŃTÀ: Mo gé e gún régé. Fífẹ̀ rẹ̀ bá ti ìlà yẹn mu, kò fi irun kan yẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lónìí, ìyẹn ló dára jù.

ÀKỌ́BÍ: Ìkìlọ̀ ni!

KÁFÍŃTÀ: Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn, mo rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo wá fi bébà bò ó lójú.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ ṣí i, ẹ kà á fún mi.

[Ìró bébà tí wọ́n ń ṣí.]

KÁFÍŃTÀ: "You are offline. Your changes are not saved." Òmíràn tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Do not close this page."

ÀKỌ́BÍ: Ẹ ò tíì pa á dé?

KÁFÍŃTÀ: Mo ti na ọwọ́ sí i. Mo ní kí n pa á kí bátìrì lè sinmi.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ má pa á! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ má tẹ refresh!

KÁFÍŃTÀ: Mo ti gbé ọwọ́ kúrò. Mo ti gbé e sẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà fẹ́ nà.

ÀKỌ́BÍ: [mímí kanlẹ̀] Ó dáa. Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá tiẹ̀ sọnù, ẹ mú téèpù, ẹ tún un wọ̀n. Wákàtí kan ni.

KÁFÍŃTÀ: Kò ṣeé wọ̀n mọ́.

ÀKỌ́BÍ: Kí ló dé?

KÁFÍŃTÀ: Àmì ìyá rẹ ni mo wọ̀n.

ÀKỌ́BÍ: Àmì wo?

KÁFÍŃTÀ: O mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ló fi bẹ̀ mí fún ṣẹ́ẹ̀fù kíṣìnì. Mo ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún gbogbo àdúgbò, ìyàwó káfíńtà ń to ìkòkò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó mú pẹ́ńsù mi, ó dúró níwájú ògiri, ó fa àmì síbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó ní ọjọ́ tí ojú bá tì mí, kí n mọ ibi tí mo máa kàn án sí. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀKỌ́BÍ: Mo ń gbọ́.

KÁFÍŃTÀ: Mo bá a jà. Mo ní ta ló ń kọ nǹkan sára ògiri. Nígbà tí àìsàn dé tí apá rẹ̀ ò gòkè mọ́, ó tún fa òmíràn sísàlẹ̀. Bí apá yẹn ṣe ń wálẹ̀ ló ń fà á. Márùn-ún ni gbogbo rẹ̀.

ÀKỌ́BÍ: Màmá ò sọ fún mi.

KÁFÍŃTÀ: Kò lè sọ gbogbo ìwà mi fún ọ tán.

ÀKỌ́BÍ: Pẹ́ńtà yẹn— Bàbá, ẹ má sọ pé—

KÁFÍŃTÀ: Ó ti kùn ún. Láago mọ́kànlá. Ó tiẹ̀ bi mí. Ó ní, "Bàbá, pẹ́ńsù wà lára ògiri yìí o, ṣé kí n kùn ún lọ?" Mo ní kùn ún, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ra ọkọ̀ òfúrufú.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ ò kọ ọ́ sínú ìwé? Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwọ̀n bàtà ara yín sílẹ̀?

KÁFÍŃTÀ: Ìwọ lo ní kí n jáwọ́ nínú pépà.

ÀKỌ́BÍ: Mo ní kí ẹ—

KÁFÍŃTÀ: Mi ò dá ọ lẹ́bi. Ogójì ọdún ni mo fi pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sétí ọmọ iṣẹ́: kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó gbé ayùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, èmi náà ni mo pọ̀n ọ́n.

ÀKỌ́BÍ: Bátìrì kù mélòó?

KÁFÍŃTÀ: Mẹ́jọ.

ÀKỌ́BÍ: Yéè!

KÁFÍŃTÀ: Iná ti lọ láti ìdajì wákàtí sẹ́yìn. Ó ti di méje.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ gbọ́. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, fóònù yín ò lè fún láptọ́ọ̀pù ní network. Ẹ gbọ́dọ̀ gé ìpè kó tó lè gòkè. Àmọ́ tó bá gòkè láìdáa, òfìfo ti òkè lè bo tiyín mọ́lẹ̀. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Pẹ́ńsù dà?

KÁFÍŃTÀ: Ó wà létí mi.

ÀKỌ́BÍ: Pépà?

KÁFÍŃTÀ: Kò sí.

ÀKỌ́BÍ: Nínú ilé káfíńtà?

KÁFÍŃTÀ: Mo kó gbogbo rẹ̀ fún pẹ́ńtà, ó fi tẹ́ ilẹ̀. Mo ní mo ti di ẹni ìgbàlódé. Ọ̀dà ti bo gbogbo wọn.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ kà á fún mi, kí n kọ ọ́ síbí. Ẹ— [ariwo, ohùn ń já] —ẹ ka ti òkè—

KÁFÍŃTÀ: One-sixty-seven centimetres láti ilẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? One-sixty-seven.

ÀKỌ́BÍ: —seventy kí ni?

KÁFÍŃTÀ: Sixty-seven!

ÀKỌ́BÍ: Mi ò gbọ́! Bàbá, ẹ kọ ọ́ sí nǹkan kan lọ́dọ̀ yín! Ohunkóhun!

KÁFÍŃTÀ: Ògiri wà.

ÀKỌ́BÍ: Ṣé ọ̀dà yẹn ti gbẹ?

KÁFÍŃTÀ: [ó fọwọ́ kan ògiri] Ó ti gbẹ.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ kọ ọ́ sí ògiri.

KÁFÍŃTÀ: Ògiri tuntun.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ kọ ọ́, Bàbá!

[Ìró pẹ́ńsù lára ògiri.]

KÁFÍŃTÀ: One-sixty-seven. Ti ìkòkò ńlá nìyẹn. Ó ní kí n má tún gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé òun kì í ṣe àgùnfọn.

ÀKỌ́BÍ: Ìkejì.

KÁFÍŃTÀ: One-forty-nine. Abọ́.

ÀKỌ́BÍ: Bátìrì?

KÁFÍŃTÀ: Márùn-ún. One-twenty-six. Èyí tó fà lẹ́yìn ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ nìyí. Ìlà rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Mo ti mú un tọ́ nínú kọ̀ǹpútà.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ mú un tọ́?

KÁFÍŃTÀ: Bí ó ṣe wọ́ ló yẹ kí n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ káfíńtà kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. [ìró pẹ́ńsù] One-oh-five. Oògùn àti gíláàsì ojú.

ÀKỌ́BÍ: Ó ku ẹyọ kan.

KÁFÍŃTÀ: Bátìrì ti di méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ẹ̀rọ ti ń ṣú.

ÀKỌ́BÍ: Ẹ kà á kíá!

KÁFÍŃTÀ: Eighty-two.

ÀKỌ́BÍ: Eighty-two? Ìyẹn ti relẹ̀ jù. Ẹ wò ó dáadáa.

KÁFÍŃTÀ: Eighty-two ni. Ó jókòó fà á ni.

[Ìró pẹ́ńsù. Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré kan láti ara ẹ̀rọ.]

KÁFÍŃTÀ: Ó ti kú.

ÀKỌ́BÍ: Láptọ́ọ̀pù?

KÁFÍŃTÀ: Ojú rẹ̀ ti dúdú. Mo ń rí ara mi nínú rẹ̀. Mi ò dára láti wò.

ÀKỌ́BÍ: Ìkarùn-ún ńkọ́? Ẹ ti kọ ọ́?

KÁFÍŃTÀ: Mo ti kọ ọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ti kọ ọ́.

ÀKỌ́BÍ: [mímí] Ọlọ́run ṣeun. Bàbá, tí iná bá dé, ẹ tan dátà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún un tò. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ó fi máa kọ "saved" sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ "download", kí ẹ̀dà kan wà nínú láptọ́ọ̀pù gan-an. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.

KÁFÍŃTÀ: Sínú kí ni?

ÀKỌ́BÍ: Ìwé.

KÁFÍŃTÀ: Pépà?

ÀKỌ́BÍ: Pépà. Ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún ara yín.

KÁFÍŃTÀ: Mi ò tíì lẹ́nu láti pàtẹ́wọ́.

ÀKỌ́BÍ: Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́. [ẹ̀rín] Bàbá. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan.

KÁFÍŃTÀ: Bi mí.

ÀKỌ́BÍ: Eighty-two. One-oh-five. Ẹ̀yin tí ẹ ga tó báyìí. Màmá ò sí mọ́. Ta ló máa lo ṣẹ́ẹ̀fù yẹn?

KÁFÍŃTÀ: Èmi.

ÀKỌ́BÍ: Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn yín?

KÁFÍŃTÀ: Màá máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀKỌ́BÍ: Mo gbọ́ yín, Bàbá.

KÁFÍŃTÀ: Padà sí meeting rẹ.

ÀKỌ́BÍ: Wọ́n á dúró dè mí. Ẹ máa—

[Ìró bàtà. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn pẹ́ńtà láti òkèèrè: "Háà! Bàbá! Ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn! Ta ló kọ nǹkan síbẹ̀?"]

ÀKỌ́BÍ: Ta nìyẹn? Ṣé pẹ́ńtà ni? Kí ló ń sọ?

KÁFÍŃTÀ: Dúró ná. [ohùn rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí fóònù] Má kùn ún mọ́ o. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

[Pẹ́ńtà: "Mo ní ta ló kọ ọ́, Bàbá?"]

KÁFÍŃTÀ: Ìyàwó mi ni.

[Ìpè já.]