Mo Mọ Ìwọ̀n Orí Rẹ̀

Òótọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà lábẹ́ ahọ́n mi fún ọdún mẹ́fà. Ó ti kẹ̀ síbẹ̀, n kò sì lè gbé e mì mọ́. Dókítà ní ọkàn mi kò lágbára, pé àwọn máa la àyà mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n lọ tún ilé mi ṣe. Ilé wo ni mo fẹ́ tún ṣe? Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ́ ilé ẹlòmíì. Ẹ má ṣàánú mi bí ẹ bá ń kà á. Ẹni tí àánú bá ń ṣe, kó tọ́jú àánú rẹ̀ títí a ó fi dé ìdí ọ̀rọ̀, kó tó mọ ẹni tí yóò fún. Akoto ni mò ń tà, akoto àwọn tó ń gun alùpùpù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nídìí rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù oníyàrá méjì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Bí o bá wọlé, kí o tó kí mi tán, mo ti mọ ìwọ̀n orí rẹ. Mo mọ orí roboto, mo mọ orí gígùn, mo mọ orí tí ìpàkọ́ rẹ̀ yọ gọngọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹni tó bá ṣèèṣì la máa ń dárí jì. Èmi kò ṣèèṣì.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni mo ṣe é sí. Nọ́ọ̀sì ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé ọkọ, nítorí náà "Ìyálé mi" ló máa ń pè mí, "ìyàwó" lèmi náà máa ń pè é. Kò bú mi rí, kò sì rí mi fín. Ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ìyá ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́ta, ọwọ́ mi ni wọ́n wà. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, èmi ni mò ń fọ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí. Kò sí ibi tí wọn ò ti ń yìn mí nínú ẹbí, mo sì ń gbádùn ìyìn náà bí ẹni ń lá oyin. Nọ́ọ̀sì yìí wọlé dé, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí òun bá wa yí màmá padà. Ó ká aṣọ kúrò lẹ́yìn wọn. Ó wá sọ ọ́ lójú ọkọ mi, lójú ọkọ rẹ̀, lójú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin méjèèjì: "Egbò yìí ti pẹ́ o. Ó ti wọnú ẹran. Ṣé ẹnikẹ́ni kì í yí wọn ni?" Kò dárúkọ mi. Kò wò mí pàápàá. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú tó wà nínú yàrá yẹn ló yí sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Ìyàwó, àná ni mo yí wọn." Irọ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí, ó ti sú mi, mo ti fi ìyá arúgbó sílẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Òótọ́ ló sọ. Bí èèyàn bá parọ́ mọ́ ọ, wàá bá a jà, ìjà náà á sì tán. Ẹni tó sọ òótọ́ rẹ lójú gbogbo ayé ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi bá a jà? Ìkórìíra ló kù, òun náà ni mo sì mú. Mo ń bá a rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ọmọ gidi!" Eyín funfun, inú dúdú bí ìdí ìkòkò.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa lọ wo àwọn aláìsàn nínú ilé wọn, ó bá ra alùpùpù kékeré kan. Kò gùn ún rí. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Bíréèkì là ń pè é, torí ohun tó ń pariwo tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti lọ kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti wá ra akoto. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Ìyálé mi, n kò ní í lọ ra ohun tó máa bo orí mi lọ́wọ́ àjèjì nígbà tí mo ní yín. Ẹ bá mi yàn án. N kò mọ nǹkan kan níbẹ̀." Ó máa ń lo awò ojú, nítorí náà ó ní irú èyí tí iwájú rẹ̀ máa ń ṣí sókè lòun ń fẹ́, kí òun má baà máa bọ́ gbogbo rẹ̀ kí òun tó lè wọ awò, kí àwọn arúgbó tí òun bá kan ilẹ̀kùn wọn sì lè tètè rí ojú òun, kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Àmọ́ akoto bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé àgbọ̀n rẹ̀, apá tó bo ẹnu, dá dúró. Ìkọ́ méjì péré, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló dè é mọ́ ìyókù. Mo fi téèpù yí orí rẹ̀ ká, láti iwájú orí, lókè etí, dé ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Èyí tó bá a mu wà lórí pẹpẹ kejì, kí n ṣáà ti na ọwọ́ ni. Mo wo orí rẹ̀ tó tẹ̀ ba níwájú mi bí ọmọ tó fẹ́ dirun, mo sì tún gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ṣé ẹnikẹ́ni kì í yí wọn ni?" Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa akoto kan jáde lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú akoto tó jẹ́. Ó tóbi jù ú lọ ní ìwọ̀n méjì. Ọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù pín lẹ́tà ló rà á tẹ́lẹ̀, tó sì dá a padà. Ó ní, "Ìyá, ìkọ́ ọ̀tún yìí kì í mú. Ó máa ń dún bí ẹni pé ó mú, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi ọwọ́ tì í, ó ń ṣí." Mo ti so okùn pupa mọ́ ọn kí n lè dá a padà fún àwọn tó kó o wá fún mi. Mo tú okùn pupa yẹn. Nọ́ọ̀sì dé e, ó mi orí, akoto náà sì ń yí lọ nígbà tí orí ti dúró. "Ìyálé mi, ó ń yí o." Mo ní, "Bí tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá yá, yóò fara mọ́ orí rẹ." Irọ́ burúkú! Tuntun gan-an ló yẹ kó há díẹ̀, kó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ra, torí tìmùtìmù inú rẹ̀ yóò rọ̀ bó bá pẹ́. Èyí tó bá ti fẹ̀ lónìí, yóò tún fẹ̀ sí i lọ́la. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo gé fóòmù àlòkù, mo sì kì í bọ abẹ́ tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tún un dé. Ó ní, "Áà, ó ti mú báyìí! Ẹ ṣeun, Ìyálé mi." Ó dì mọ́ mi. Mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, mo sì lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, mo ní kó máa rọra gùn ún.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Bíréèkì wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, akoto ìyàwó yín yẹn, mo fà á látẹ̀yìn báyìí, díẹ̀ ló kù kó bọ́ lórí rẹ̀. Ìkọ́ rẹ̀ kan náà ò mú." Mo bi í pé, "Ṣé o ti sọ fún un?" "Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ni." "Dákẹ́, kó o máa ṣe iṣẹ́ rẹ." "Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, orí èèyàn ni o!" Mo ní, "Èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà tí ìyá wa kú. Bó o bá là á lẹ́nu, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé rẹ." Ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó jáde. Báyìí ni mo ṣe sọ àbúrò mi di alábàáṣe. Ẹ óò bi mí pé kí ni mo ń rò. Mo ń sọ fún ara mi pé kó kàn ṣubú díẹ̀, kó bó níwájú orí, kí òun náà mọ bí ìtìjú ṣe rí. Ta ni mò ń tàn? Ẹni tó ti ta akoto fún ọdún mẹ́tàlá nígbà náà mọ ohun tí ọ̀dà títì máa ń ṣe sí ojú èèyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje tó ra akoto náà, nọ́ọ̀sì ṣubú. Ọ̀sán ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn tó rí i ní kò sáré rárá. Ọkọ̀ kan ló já wọ iwájú rẹ̀ ní orítá, ó tẹ bíréèkì, táyà iwájú yọ̀. Àgbọ̀n akoto ṣí sókè bí ọmọrí ìkòkò, ìyókù yọ̀ lọ sí ìpàkọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ lásán ló sì bá kọnkéré etí títì pàdé. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì, eyín mẹ́rin ká. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi wáyà di eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀, tí àwa ìyàwó ilé ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí ohùn rẹ̀ tó tutù, ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ̀yin lẹ tà á fún un! Kí ló fà á tó fi ṣí?" Mo mú ojú wálẹ̀, mo ní, "Jẹ́jẹ́ mi, n kò fẹ́ sọ ọ́. Ó máa ń ṣí i sílẹ̀ bó bá ń gùn ún, ó ní ooru ń mú òun. Mo kìlọ̀ fún un títí." Ó di ọwọ́ mọ́rí. Mo wọlé tọ nọ́ọ̀sì lọ. Ó rí mi, ó ṣẹ́wọ́ pé kí n fún òun ní bírò, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan pé: "Mo tì í. Mo gbọ́ tó dún. Ẹ bá mi sọ fún un." Ó kì í sí mi lọ́wọ́, èmi ìyálé rẹ̀, èmi tó fọkàn tán. Mo jáde. Jẹ́jẹ́ ní, "Kí ló kọ?" Mo ti ká ìwé náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo ní, "Ó ní kí ẹ dárí ji òun." Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ya á wẹ́wẹ́, mo fi omi ṣàn án lọ. Akoto náà, mo gbà á lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wá, mo sì fi òòlù fọ́ ìkọ́ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ rò pé a ti dé ibi tó burú jù. A ò tíì débẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú wáyà ẹnu rẹ̀, ó ní òun tì í; ọkọ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra. Àwọn aláìsàn kì í gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa mọ́, wọ́n bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń to fáìlì. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ṣe gbólóhùn asọ̀ báyìí, ọkọ á ní, "Ṣebí ọwọ́ ara rẹ lo fi ṣe é." Ọdún kejì jàǹbá náà, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ má bínú pé mo ba iṣẹ́ yín lórúkọ jẹ́. Mo rò pé mo tì í. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó títí, gbogbo yín ò lè parọ́. Bóyá n kò tì í lóòótọ́." Ibẹ̀ ni mo ti lè gbà á là. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi àwa méjì. Mo ní, "Kò burú, ìyàwó. Mo ti dárí jì ọ́." Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí. Mo fọ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo sì tún jí ohun tí ojú ara rẹ̀ rí lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá ń dárí jì í.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pè wọ́n jọ sínú pálọ̀ wa: ọkọ mi, Jẹ́jẹ́ àti ìyàwó rẹ̀, àti Bíréèkì. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Ọkọ mi bọ́ síta, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ di òní. Bíréèkì bú sẹ́kún, ó ní òun mọ̀, òun mọ̀. Jẹ́jẹ́ fò dìde, ó gbá ẹ̀wù mi mú lọ́rùn. Ohùn nọ́ọ̀sì ló dá a dúró, ohùn wíwọ́ yẹn: "Fi wọ́n sílẹ̀. Jókòó. Àwọn ló parọ́ mọ́ mi. Ìwọ lo gbà á gbọ́." Ọkùnrin náà jókòó bí àpò tí wọ́n tú. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyàwó, dárí jì mí." Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bẹ ara mi pé kí n dárí ji ara mi. Ẹ ò ní í rí tiyín gbà lónìí. Bóyá lọ́la, n kò mọ̀. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n fẹ́ la àyà yín, kí ẹ sì bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù yín, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ra akoto máa ti rí i." Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gun alùpùpù, tó o dúró níwájú ìwé yìí, gbọ́ ohun tí mo mọ̀ tí mo fi pamọ́. Jẹ́ kí wọ́n wọn orí rẹ, kó o fojú ara rẹ wo téèpù. Bí o bá dé e, kó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ mọ́ra láì dùn ọ́ níwájú orí. Mi orí, awọ ojú rẹ ni kó bá a lọ, kó má dá yí. De okùn rẹ̀, kó o ní kí ẹnì kan fà á sókè látẹ̀yìn. Bó bá fẹ́ bọ́, kì í ṣe tìrẹ. Ṣí àgbọ̀n rẹ̀, tì í, kó o gbọ́ ọ̀tún, kó o gbọ́ òsì, má sì gba dídún nìkan gbọ́: fi ọwọ́ méjèèjì tì í sókè, bóyá yóò ṣí. Bó bá ń yí lórí rẹ, tí ẹni tó ń tà á wá ní yóò fara mọ́ ọ bó bá yá, gbé e kalẹ̀, kó o jáde, ì báà jẹ́ ìyálé rẹ ni, ì báà jẹ́ ìyá tó bí ọ lọ́mọ.