Olúwa Gba Ọwọ́ Mi Nídìí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá tó mú èmi àti ọkọ mi àti ọmọ wa wọ inú ilé yìí lónìí ní àlàáfíà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Tóbi. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó níbí là ń gbé. Ọkọ mi ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, páàtì mọ́tò ló ń tà ní Ládìpọ̀.

Iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe ní Yaba, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbé pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá. Táípúráítà ni mo fi kọ́ṣẹ́. Bí èèyàn ò bá gbá táípúráítà dáadáa, lẹ́tà ò ní hàn. Nígbà tí ọ̀gá wa wá ra kọ̀ǹpútà, inú wa dùn gan-an, àmọ́ ọwọ́ táípúráítà yẹn náà ni mo gbé lọ sídìí ẹ̀. Mò ń gbá a bí ẹni tó ń gúnyán. Iná náà ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Tó bá ti dé, kò sẹ́ni tó ń dìde mọ́, a ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ ni kó tó tún lọ.

Lẹ́yìn tí mo bímọ tí mo padà síṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé èèrà ń rìn lórí ìka mi. Nígbà tó yá, ìrora wọ ọrùn ọwọ́, ó gba apá lọ sí èjìká. Tí mo bá jí láàárọ̀, àwọn ìka mi á ti kú. Mi ò lè ṣí ìdérí ìgò, mi ò lè fún aṣọ. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi ìpara pa á. Á fúyẹ́ díẹ̀, tí mo bá ti dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó tún dé.

Ìyá ọkọ mi tó wá láti Ìjẹ̀bú láti bá wa tọ́jú ọmọ rí i pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Ìyàwó mi, ta lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Mo ní, "Àǹtí Rónkẹ́ ni, mà. Àwa méjèèjì la jọ ń táípù."

"Ṣé ọwọ́ tiẹ̀ ń dùn ún?"

"Rárá, mà."

Wọ́n mirí. "O ò wá rí i báyìí? Má jẹ nǹkan ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ta ọfà sí ẹ lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ará, Àǹtí Rónkẹ́ yìí ló bá mi di iṣẹ́ mi mú nígbà tí mo lọ bímọ. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni, ọwọ́ sì ń dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mo ní, "Olúwa, ọ̀tá yòówù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, fi hàn mí."

Inú ààwẹ̀ yẹn la wà tí mò ń wẹ ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mo gbé e kúrò nínú báásìnì kí n fi táwẹ̀lì wé e, ọwọ́ mi ṣàdédé tú. Kì í ṣe ọṣẹ ló yọ̀. Àwọn ìka mi ni ò dì í mú. Ó já lé mi nítan, ó ń yí lọ, ìyá ọkọ mi ló gbá a mú kí orí ẹ̀ tó kan sìmẹ́ńtì. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù àtigbé ọmọ tí mo bí. Ìyẹn dùn mí ju ìrora lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún Mọ́mì wa, ìyàwó Pásítọ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbàdúrà pẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, ṣé o ti lọ sọ́sibítù?"

"Rárá, mà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ọfà, wọn ò gbọdọ̀ gún un lábẹ́rẹ́."

"Lọ. Ọlọ́run tí à ń bẹ̀ wà lọ́sibítù náà."

Mo lọ. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó darí mi sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti eegun. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó wá ní, "Ẹ jókòó sídìí tábìlì yìí. Ẹ ṣe bíi pé ẹ ń táípù."

Mo gbọ́wọ́ lé e. Ó ní, "Ṣé bí tábìlì yín ṣe ga nìyí?"

"Ó ga ju báyìí lọ, mà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà mi."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní iṣan tó ń lọ sí ìka ń gba ojú tóóró kan kọjá níbẹ̀. Tí èèyàn bá ká ọrùn ọwọ́ sókè láti àárọ̀ dalẹ́, inú ibẹ̀ á wú, á máa fún iṣan náà pọ̀. Ó ní oyún àti ọmọ títọ́ náà lè dá kún un. Ó fún mi ní nǹkan líle kan tí màá máa dì mọ́ ọwọ́ sùn, ó ní kí n sinmi iṣẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Tẹ́ ẹ bá padà, ẹ jẹ́ kí ìgúnpá yín sún mọ́ ìhà, kí ọrùn ọwọ́ nà gbọọrọ. Ẹ má gbá a mọ́, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Kí iná wà o, kó má wà o, ẹ máa dìde na ọwọ́. Àmọ́ tí tábìlì àti àga yẹn bá wà bó ṣe wà, ẹ máa padà wá bá mi."

Mò ń bẹ Ọlọ́run kó fi ọ̀tá hàn mí, tábìlì ló fi hàn mí.

Mo sọ fún ọ̀gá wa. Wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, ṣebí tábìlì tí gbogbo wa ń lò nìyẹn? Tí iṣẹ́ bá ti sú yín, ẹ sọ." Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ìgbà tó máa ti Ládìpọ̀ dé, ó gbé ìjókòó dírẹ́bà wálé, èyí tí wọ́n tú lára mọ́tò. Ó ti ní kí wẹ́dà jó irin gíga mọ́ ọn nísàlẹ̀, pẹ̀lú ibi tí màá gbẹ́sẹ̀ lé. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò ní ra nǹkan kan. Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa jókòó lé e."

Ọ̀gá jókòó lé e, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa lò ó. Bí Ọlọ́run ṣe bá mi ṣe é nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Dírẹ́bà, ibo là ń lọ?" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, torí ọwọ́ mi ń san. Èèrà yẹn ló kọ́kọ́ lọ. Ìrora èjìká tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọmọ mi fúnra mi.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Rónkẹ́ rọra sún mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín kó ṣe ọ̀kan fún mi. Ọwọ́ tèmi náà ti ń ta mí tipẹ́. Ẹ̀rù pé iṣẹ́ lè bọ́ ni ò jẹ́ kí n sọ."

Mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Ìgbà tí wọ́n tún máa ti Ìjẹ̀bú dé, wọ́n gbé gààrí wá, wọ́n ní, "Fún Àǹtí yẹn níbi iṣẹ́ ẹ. Sọ fún un pé mo kí i."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ táípíìsì, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dirun, tí ìka yín bá ń kú láàárọ̀, ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì tètè lọ fi hàn wọ́n lọ́sibítù. Ẹ má dúró dìgbà tó máa burú bíi tèmi.

Àwọn tó ń jókòó tì mí níbí á ti ṣàkíyèsí pé fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí orin ìyìn bá ń lọ, orí nìkan ni mo máa ń mì. Mi ò lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé mo ń gbéra ga. Ọpẹ́ ni fún Jésù, mo lè pa á báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ bá mi pa á fún un.