Ère Búlúù Inú Agolo Bisikíìtì

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣí agolo bisikíìtì kan lórí tábìlì iṣẹ́ mi ní Hyattsville, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ẹsẹ̀ ère kékeré kan padà mọ́ ọn. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sá fún un. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn dókítà á la àyà mi. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé orí bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ̀yin ará ìjọ, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ mọ̀ mí sí Babáwálé tó ń tún aago àti rédíò ṣe. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́. Ńṣe ni mo máa ń tú nǹkan palẹ̀ títí á fi yé mi. Ìdí nìyẹn tí Màmá Fọláhàn, ní Fairwood, fi gbé ère náà fún mi nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Olóògbé ọkọ wọn ló rà á nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Káírò. Kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń dán ní búlúù. Inú ibojì ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ máa ń kó irú rẹ̀ sí. Wọ́n gbà pé tí wọ́n bá pe òkú síṣẹ́ oko lọ́run, ère yìí ni yóò dáhùn pé, "Èmi nìyí," tí yóò sì bá a ṣe é.

Màmá ní, "Wálé, rọra o. Tí mo bá ti kí fọ́tò Bàbá láàárọ̀, òun ló kàn."

Mo yẹ ibi tó kán wò, mo rí i pé amọ̀ kọ́ ni. Yanrìn funfun lílọ̀ ni, pẹ̀lú sódà àti ìyẹ̀fun bàbà. Bó bá ń gbẹ, sódà inú rẹ̀ á rìn wá sójú bí iyọ̀ ṣe ń hù lára ògiri, iná á wá sọ ọ́ di dídán. Ẹ ò rí i pé ó dùn! Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀. Ọ̀kan jọ ọ́ débi pé ìgbéraga wọ̀ mí: mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ẹnikẹ́ni á lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ojúlówó. Iná kò mú ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ni mo bá fi ọ̀dà olómi kùn ún, mo fi ìda àbẹ́là pa á lára kó lè dán. Ayédèrú yẹn ni mo gbé fún Màmá. Wọ́n súre fún mi. Ojúlówó wọ inú agolo.

Làtífátù ló ń tọ́jú Màmá nígbà náà. Ará Ìbàdàn ni, tí kò tíì pẹ́ níbí. Láràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Langley Park. Lọ́jọ́ kan, Fọláhàn pè mí pé kí n tètè máa bọ̀. Mo bá Làtífátù lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀, ère mi wà nínú abọ́ omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun báláú.

"Ẹ̀gbọ́n, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi wẹ̀ ẹ́ o. Màmá ní ti òkú ni. Kẹ́hìndé ni mí, Táyé mi ò dúró. Ìyá wa àgbà máa ń wẹ ère rẹ̀, wọ́n á fi òróró pa á lára. Mo ní kí n ṣìkẹ́ ẹ fún Màmá ni."

Fọláhàn, ọmọ Màmá, pòṣé. "Ìkẹ́ rèé? Ohun tó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta ń ṣí bí ọ̀dà èékánná! Sístà, ojúlówó ẹ̀ dà?" Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé èyí ni Màmá fún yín tún ṣe?"

Mo ní, "Rárá. Èyí kọ́ ni Màmá fún mi."

Òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kò sí irọ́ tó burú tó o. Làtífátù gbé ojú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú mi, kí ẹ tún un wí."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo tún un wí.

Màmá ní kí wọ́n má pe ọlọ́pàá, kó ṣáà máa lọ. Iléeṣẹ́ tó rán an wá yọ orúkọ rẹ̀. Nínú ìjọ wa níbí, "olè tó jí ère Màmá" la ń pè é, èmi náà sì ń mi orí. Mo mọ iṣẹ́ tí ère ń ṣe: wọ́n pè mí, ẹlòmíràn ló dáhùn.

Ní Mọ́ńdè mo gbé ojúlówó lọ sí Fairwood, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Màmá di ère náà mú, wọn ò tilẹ̀ wò ó. "Làtífátù dà?" ni wọ́n wí.

A bá a ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Langley Park, ó ń to páálí sádíìnì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dí àwọn kọ́sítọ́mà lọ́nà." Ó gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ kọ ọ́. Orúkọ yín, orúkọ mi, ohun tí ẹ sọ. Kí wọ́n kà á níbi tí wọ́n ti pè mí lólè."

Ìwé náà nìyí. Ní àárọ̀ yìí mo gbé e fún un. Ó kà á tán, ó fi ìka tẹ ibì kan. "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́. Ẹ kọ ẹ̀ẹ̀kan." Mo kọ ìkejì síbẹ̀ lójú rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín mọ iṣẹ́, ẹ bẹ̀rù ọwọ́ náà. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó ká ẹ̀dà tirẹ̀ sínú báàgì, ó ní, "Ẹ rí i pé ẹ jáde láàyè ní ọsibítù yẹn o, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán."