Wọ́n Da Oògùn Mi Sí Ṣáláńgá, Ọlọ́run Kò Da Èmi Nù

Ẹ bá mi pariwo Halelúyà! Ẹ tún un pa! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lápá ọ̀tún lọ́hùn-ún, mi ò gbọ́ tiyín o. Àbí ẹ ti gbọ́ pé inú ń bí mi ni? Bẹ́ẹ̀ ni, inú ń bí mi. Ọpẹ́ ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, méjèèjì ni mo jọ gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Mo ti sọ fún Pásítọ̀ kí n tó jáde síwájú. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rí tèmi lónìí, ata wà nínú rẹ̀." Wọ́n ní kí n máa sọ ọ́, pé àwọn kì í jẹ ọbẹ̀ tí kò láta. Ẹ ṣé, Bàbá.

Nínú ìwé ètò ìsìn ìkórè tó wà lọ́wọ́ yín, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀rí láti ẹnu Ìyá Fúnkẹ́, ẹni tí Olúwa gbà lọ́wọ́ oògùn." Ta ló kọ ọ́? Èmi kọ́. Olúwa kò gbà mí lọ́wọ́ oògùn. Ẹ má tíì máa wo ara yín lójú, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí Olúwa gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá láti Ìlógbò, tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni mo ń yan gàrí lẹ́yìn ilé ìwé ní Ìtàjí níbí. Ọkọ mi ti di olóògbé. Fúnkẹ́ lọmọ mi, olùkọ́ ni, òun ló wọ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn.

Àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Adó, tí àwa níbí ṣì ń gun orí àpáta láti wá nẹ́tíwọ́kì. Òǹgbẹ ń gbẹ mí bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Mo mu omi títí, mo tọ̀ títí. Èèrà bo ibi tí mo tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Mo rù débi pé gèlè mi wá tóbi ju orí mi lọ. Àwọn kan nínú yín, mo mọ̀ yín, ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé àrùn tí kò gbóògùn ni mo kó. Ọlọ́run ti dárí jì yín. Èmi ṣì ń gbìyànjú.

Fúnkẹ́ mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Dókítà náà kò ju ọmọ mi lọ. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó gba ìtọ̀, ó padà wá jókòó tì mí. Ó ní, "Màmá, àtọ̀gbẹ ni, ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ ó máa lo hóró oògùn yìí láràárọ̀. Bí ẹ bá ti gbé e mì, ẹ jẹun. Ẹ má gbé e mì kí ẹ wá jókòó pẹ̀lú ebi o. Fúnkẹ́, bí o bá rí i tí wọ́n ń gbọ̀n, tí òógùn bò wọ́n, tètè fún wọn ní ohun dídùn mu. Màmá, ẹ sì dín iyán kù."

Mo ní, "Dókítà, ọmọ ibo ni yín?"

Ó ní, "Ọmọ Ọ̀tùn ni mí, Màmá."

Mo ní, "Ọmọ Ọ̀tùn ló ń sọ fún mi pé kí n dín uyán kù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ó ń dun èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ dín in kù."

Mo dín in kù! Ẹ yin Olúwa! Ẹni tó bá mọ ohun tó gbà kí ọmọ Èkìtì ti àwo iyán sẹ́yìn, kó bá mi pàtẹ́wọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, díẹ̀díẹ̀. Mo ń lo oògùn mi, mo ń jẹun sí i. Òǹgbẹ lọ. Ara mi padà bọ̀ sípò. Mo padà sídìí agbada gàrí mi.

Ọjọ́ tí a jẹ iṣu tuntun nínú agboolé wa ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nílé tiwa, bí àwọn ọkùnrin bá ti jẹ iyán ọjọ́ náà tán, ìyàwó àgbà ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè kí àwọn obìnrin yòókù tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni ìyàwó àgbà. Mo bu òkèlè kan, mo gbé e mì, mo fọwọ́. Bàbá Adé, àbúrò ọkọ mi, ń wò mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o ń lo oògùn, o tún fi uyán sílẹ̀? Nǹkan méjì! Àrùn wo ló ń gba nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni? Bí o bá ti fún un ní uyán, kó fi oògùn sílẹ̀ fún ọ." Gbogbo agboolé ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Bí ẹni pé àìsàn jẹ́ onílẹ̀ tó jókòó de ìṣákọ́lẹ̀, tí o bá ti gbé iyán fún un, kó máa lọ ní tirẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀ wá fẹ́ẹ̀ sin mí.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹgbẹ́ aládùúrà wa kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Mo lọ bá Ìyá Àdúrà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́. Ìyá, ẹ jókòó, ẹ má tíì dìde, mi ò tíì débẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, oògùn ni mò ń lò láràárọ̀, ṣé mo lè gbààwẹ̀?" Wọ́n ní, "Ìyá Fúnkẹ́, oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ fi omi díẹ̀ gbé e mì, kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ kò fi pa ebi." Mo ní dókítà ní kí n máa jẹun sí i. Wọ́n ní, "Dókítà kò ka ti ààwẹ̀ mọ́ ọn."

Báyìí ni mo ṣe ń fi omi gbé oògùn mì, tí mo sì ń pa ebi mọ́ra. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, níwájú pẹpẹ yìí gan-an, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn bò mí bí ẹni tí òjò pa. Ahọ́n mi wúwo. Mo fẹ́ pe Fúnkẹ́, orúkọ ìyá mi tó ti kú ló jáde lẹ́nu mi. Mo ṣubú.

Fúnkẹ́ ló sọ ohun tó kù fún mi. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń pariwo. Ẹnì kan ní àwọn ayé ilé ọkọ mi ló dé. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí, pé ẹ̀mí ló gbé mi. Ọmọ kan ti sáré lọ pe Fúnkẹ́ nílé ìwé, òun náà sáré dé pẹ̀lú ife omi ṣúgà. Ìyá Àdúrà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Ṣúgà kẹ̀? Fún ẹni tó ní àrùn ṣúgà? Ṣé o fẹ́ pa ìyá rẹ ni?" Ọmọ ń fà á, àgbà ń fà á, ife náà dojú dé. Ṣúgà tó yẹ kó gba ọ̀fun mi lọ, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló mu ún. Ẹ wò ó, inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí!

Ọlọ́run ò sùn. Mọ́tò kan tó kó ẹ̀gẹ́ láti oko ń kọjá lọ. Wọ́n gbé mi gun orí ẹ̀gẹ́, Fúnkẹ́ gbé orí mi lé itan, ó di Ìdó. Dókítà gbé omi ṣúgà sí iṣan ọwọ́ mi. Kí ó tó kan ìdajì, mo lajú. Mo béèrè pé ta ló ń tọ́jú agbada mi. Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ bá mi dúpẹ́! Ìyá tí wọ́n gbé lọ bí ẹrù ẹ̀gẹ́, ó lajú!

Ìyá Àdúrà tẹ̀ lé wa dé ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó wà nínú omi yẹn, wọ́n fò sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ṣúgà ni wọ́n fi jí i! Ẹni tí ṣúgà jí, ibo ni àrùn ṣúgà tún wà lára ẹ̀? Olúwa ti mú un lọ!" Wọ́n jó yí bẹ́ẹ̀dì mi ká títí àwọn nọ́ọ̀sì fi lé wọn jáde. Kí n tó dé Ìtàjí, ìròyìn ìwòsàn mi ti dé Ìlógbò.

Nílé, Bàbá Adé pe gbogbo ẹbí jọ. Wọ́n ní, "Kí ló gbé ìyàwó wa ṣubú? Oògùn. Kí ló gbé e dìde? Ṣúgà. Ẹjọ́ ti tán. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn yẹn mọ́ nínú ulé yìí."

Mi ò ní parọ́ níwájú Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ṣebí lóòótọ́ ni mo ṣubú? Ẹ̀rù oògùn náà bà mí. Mo mú un lọ́wọ́, mo wò ó, mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú un. Mo ní, "Olúwa, bí mo bá mu ún, bóyá màá kú. Bí mi ò bá mu ún, bóyá màá kú. Èwo ni kí n ṣe?" Mo pinnu pé màá padà lọ bi dókítà fúnra mi kí n tó dá a dúró.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ti ìdí agbada délé, oògùn mi kò sí níbi tí mo fi í sí. Bàbá Adé jókòó síwájú ilé. Wọ́n ní, "Mo ti dà á sí ṣáláńgá. Mo gbà ọ́ sílẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ará, mo bú ramúramù! Mi ò gbé ohùn sókè sí àwọn ará ilé ọkọ mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo bú! Mo ní, "Bàbá Adé, ọrùn ta ni wọ́n gbé àìsàn yìí kọ́? Nígbà tí òǹgbẹ ń gbẹ mí, ẹ̀yin lẹ mu omi fún mi? Ara tèmi lẹ fi ń dájọ́!" Wọ́n ní oògùn ti sọ mí di aláìgbọràn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òǹgbẹ ti padà. Ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdó. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó mi orí. "Màmá, ṣúgà yín ti lọ sókè gan-an. Àrùn yín ò lọ síbì kankan."

Mo fi ìbínú dá a lóhùn. Mo ní, "Oògùn yín fẹ́ẹ̀ pa mí!"

Ó ní, "Oògùn nìkan kọ́, Màmá. Oògùn náà ń ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹ gbé e mì, ẹ ò jẹun, ó wá tì í wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún yín ní ṣúgà lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé àrùn ti lọ."

"Ṣé kí n wá dá a dúró?"

"Rárá. Bí ó bá ń dà yín láàmú, ẹ wá bá mi, èmi ni kí n dín in kù tàbí kí n pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ìjọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi mí."

Ó dín in kù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ra móínmóín lẹ́nu géètì, mo gbé oògùn mì, mo jẹun yó, mo sì sọ fún Ọlọ́run lórí ìdúró níbẹ̀ pé mo ti rí ìdáhùn mi. Ẹni tó dá mi náà ló fi ọgbọ́n sórí ọmọ Ọ̀tùn yẹn. Mi ò ní dá oògùn náà dúró. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì ṣubú. Ojú mi mọ́lẹ̀, mo ń rí gbogbo yín, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń fajú ro lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ bá mi yin Olúwa!

Àwọn kan ní mi ò gbààwẹ̀ mọ́. Mo ń gbà á. Mo ń gbààwẹ̀ òfófó. Ẹ̀yin mélòó lẹ lè gba irú rẹ̀ títí di ọ̀sán?

Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Àdúrà, ẹ ti dìde. Ẹ ní kí ni? Ẹ ní kí n má dójú ti iṣẹ́ Ọlọ́run? Ìyá, mo fẹ́ràn yín, ẹ̀yin lẹ bá mi sin ọkọ mi, ẹ bá mi sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn níṣojú ìjọ: èwo ni ì bá dójú ti Ọlọ́run, èmi tí mo dúró níbí tí mo ń lo oògùn, tàbí pósí mi tí ẹ ì bá ti gbé wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí? Ẹ jókòó, Ìyá mi. Ẹ ṣé.

Ọ̀rọ̀ tó kù kì í ṣe tiwọn. Tiyín ni, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ wá bá mi nídìí gàrí, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ ti jẹ́rìí níbí pé ara yín ti dá, ojú wá ń tì yín láti tún gbé oògùn mì. Mi ò ní dárúkọ yín. Ọlọ́run kò bínú sí yín, kò sì sí ẹni tó máa gba ẹ̀rí yín padà. Ẹ má kú nítorí ohun tí ẹ sọ nínú makirofóònù.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fúnkẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà tó gbé mi. Lọ́la Mọ́ńdè, mò ń padà lọ sí Ìdó kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó wá bá mi níwájú ilé ìwé láàárọ̀. Kò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà jẹun kó tó jáde nílé.