Èmi Ni Mo Ṣí Igbá Irú Náà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, lásìkò ọyẹ́. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá náà. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ mọ́, mo sì ń kọ ọ́ síbí nítorí pé ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ìwé.

Ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìjà ilẹ̀ ti lé àwọn kan kúrò lábà, àwọn ará Ìfọ́n díẹ̀ sì sá wá sọ́dọ̀ ìbátan ìyá wọn ní Ìlọ́bù níhìn-ín. Àwa mélòó kan nínú ìjọ wá ìkòkò àti yàrá fún àwọn obìnrin wọn kí wọ́n lè máa ṣe oúnjẹ tà. Kí ará ilé má bàa bínú, a fi obìnrin Ìlọ́bù kan ti àlejò kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni Ìyá Múnì, ará Ìfọ́n, àti Ìyá Ràfíù, ọmọ ìlú wa, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú pọ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni yàrá wọn ní: ọ̀kan lọ́wọ́ Ìyá Ràfíù, ọ̀kan lọ́wọ́ mi.

Irú wọn tà gan-an. Wọ́n á sè é, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá dà á sínú igbá, wọ́n á fi ewé àti aṣọ bò ó pinpin. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí i títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ìyàwó mi tó ti kú náà máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n wò ó rí. Mo ṣáà fẹ́ mọ ohun tó ń mú un gbóná láìsí iná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́ yẹn, mo fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi wọlé, mo ṣí i. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe! Ẹnu yà mí. Mo jókòó tì í, mo ń fọwọ́ wá ibi tí ooru náà ti ń wá. Ìgbà tí mo fi máa bò ó padà, ọyẹ́ ti wọ̀ ọ́. N kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dì í.

Irú náà bàjẹ́.

Ìyá Múnì ní, "Ìyá Ràfíù, bí ẹ ò bá fẹ́ wa nílùú yín, ẹ wí."

"Èmi? Èmi tí wọ́n bí sídìí irú, èmi ni n ó ṣí irú? Ṣé orí mi dàrú ni?" Ìyá Ràfíù nawọ́ sí mi. "Bàbá náà ní kọ́kọ́rọ́!"

Ìyá Múnì dá a lóhùn pé, "Kí ni ti ọkùnrin nínú irú? Àbí Bàbá fẹ́ máa kiri irú ni?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pínyà. Ìyá Múnì kó lọ sí Ẹ̀rìn. Àwọn yòókù tí a so pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fura síra wọn, títí iṣẹ́ náà fi tú ká. Ìyá Ràfíù di "Aṣígbá" lẹ́nu ará ìlú títí dòní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ wọ ẹgbẹ́ tuntun tí àwọn obìnrin dá sílẹ̀ láti máa ṣe irú. Wọ́n ní, "Ọmọ Aṣígbá? Kó jìnnà sí igbá wa o!" Ó sunkún kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀: ẹni tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni, tàbí ẹni tí mo jẹ́ kó dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi? Ṣé ẹ lè gbà pé n kò ní ibi lọ́kàn, pé mo kàn fẹ́ mọ̀ ni?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ẹkún náà, mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀rìn láti jẹ́wọ́. Ìyá Múnì kúnlẹ̀ kí mi nídìí àtẹ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, nínú gbogbo Ìlọ́bù, ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ wa dénú." Ó pọ́n irú sínú ewé fún mi, kò gba owó. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì padà sílé.